Ẹni Tó Ń Fi Ohùn Mi Dáhùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé o gúnlẹ̀ láyọ̀? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ létí jẹ? Ara tèmi le, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́, èmi àti òun sì ti mọ ara wa. Mo rò pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ kọ̀wé, àṣé èmi ni. Kò burú. Bàbá rẹ máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ohùn a máa lọ, ìwé a máa dúró. Mi ò lè torí pé o fi ẹ̀rọ kan sínú fóònù mi kí n pa àṣà ilé wa tì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Adáhùn. Ọmọ mi, o ṣeun, o ò ní ṣi iṣẹ́ ṣe láyé. Ìwọ náà mọ bí ayé mi ṣe rí kí o tó gbé e wá. Bí mo bá tẹ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ lẹ́ẹ̀kan, fóònù á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Màmá, aṣọ mi ńkọ́?” “Màmá, ṣé ẹ ti gé e?” “Màmá, mo ti sanra o, ẹ bá mi tú ìbàdí rẹ̀ díẹ̀.” Kí n tó dá gbogbo wọn lóhùn, ilẹ̀ ti ṣú, aṣọ tí wọ́n ń béèrè sì wà lórí tábìlì bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ láàárọ̀. Ní báyìí, Adáhùn ń dá wọn lóhùn, ó ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, ó ń rán mi létí aṣọ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọ̀la, nítorí “ọ̀la” tí mo máa ń dá fún tọmọdé tàgbà, èmi náà ni mò ń fúnni láṣọ kí ọjọ́ tó pé! Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ṣé kò sí o, ṣé mo ti ń múra ọ̀run ni.

Ohun kan ló kàn ṣe mí bákan. Olùkọ́ kan wá gba gáùn rẹ̀ lánàá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ gbàdúrà fún mi lórí fóònù lọ́jọ́sí. Ẹkún tí mo fẹ́ sun lọ́jọ́ náà, mi ò sun ún mọ́.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó dìde. Ọmọ mi, mi ò gbàdúrà kankan fún un. Ṣé bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn?

Abẹ́rẹ́ ní kí n kí ọ. Irọ́ ni mo pa, mi ò rí i. Láti ìgbà tó ti bá ọkọ rẹ̀, onírin yẹn, kó lọ sí ìpẹ̀kun ìlú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́n nílé yìí. Ọmọ àbúrò mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń jà sórí ẹní kan! Bí o bá gbúròó rẹ̀, sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Kọ̀wé. Má dá mi lóhùn pé “màá kọ ọ́ lọ́la” o. Èmi ni mo ni irọ́ yẹn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà. Ẹ má bínú sí mi. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í gbà wá láyè. Àpótí ni mò ń dì láti àárọ̀, fóònù wa sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá délé, bí igi tí wọ́n gé ni mo máa ń ṣubú lé ibùsùn.

Inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà yín sétí àwọn tá a jọ ń gbé. Ìyá Ọ̀la ti di Ìyá Òní! Ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò mọ ohunkóhun fúnra rẹ̀. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti àwọn oníbàárà ti bá ara yín sọ lórí fóònù fún un, mo sì fi ohùn yín tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ránṣọ kún un. Bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lòun náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà fún oníbàárà, ló ṣe ń gbàdúrà. Ká ní ẹlẹ́nu mímú ni yín ni, èébú ni ì bá máa rọ̀jò rẹ̀ lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí fóònù náà máa wà ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ lè máa ka ohun tó bá kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yin àti òun bá ń dáhùn pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú. Ti ẹbí nìkan ló yàtọ̀. Mo ti ya nọ́ńbà tèmi àti ti Abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀. Bí àwa bá pè, kò ní dá wa lóhùn, fóònù á máa dún títí ẹ ó fi gbé e. Èyí tó bá ń dún tí kò dákẹ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ni.

Màá máa pè yín lọ́jọ́ Sunday. Mo ní ọ̀rọ̀ ayọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì bá ọ wí lẹ́ẹ̀kan náà. O ní o máa pè mí lọ́jọ́ Sunday. Sunday dé, ó lọ, òmíràn tún dé, fóònù tó ń dún tí kò dákẹ́, mi ò gbọ́ ọ. Mo jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò orí iná. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí o fẹ́ fi ẹnu sọ, ṣé ó ti dòfo ni?

Èmi náà ní ọ̀rọ̀, tèmi ò sì dùn. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àga síta, mò ń tú bọ́tìnnì lára ẹ̀wù kan. Nọ́ọ̀sì tí mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún dúró sí òdìkejì ọ̀nà, ọkọ̀ kan wà láàárín wa, kò rí mi. Ó gbé fóònù sókè, ó pè mí, ó sọ ọ́ sí gbangba kí ohùn máa jáde síta. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù?”

Ohùn mi bá jáde láti òdìkejì ọ̀nà. “Mo wà ńbẹ̀, olówó mi. Yúnífọ́ọ̀mù yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ ni?”

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ mi nínú fóònù obìnrin yẹn, tata-tata-tata, pẹ̀lú ibi tó ti máa ń há díẹ̀ tí mi ò tíì rẹ́ni bá mi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà nínú ilé lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé ọwọ́ lé ẹnu ara mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mì.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ ṣeun, Màmá, mo máa wá.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní torí pé kẹ̀kẹ́ ń dún nígbà tí o gba ohùn mi sílẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kan aṣọ obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni ohùn mi pa fún un, ó sì dùn létí ju òótọ́ tèmi lọ. Irọ́ tí mo bá pa, ọrùn mi ni mo fi ń gbé e. Èyí tí mi ò pa ńkọ́?

Mo bẹ̀ ọ́, gba ohùn mi lọ́wọ́ nǹkan yìí. Kó máa kọ ìwọ̀n, kó máa rán mi létí ọjọ́, ìyẹn tó mi. Wá Abẹ́rẹ́ fún mi pẹ̀lú. Mo pè é láti fóònù oníbúrẹ́dì, wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí, ẹ má sì bínú.

Tiyín kó ẹ̀rù bá mi. Ẹ ní mi ò pè yín? Ìyá mi, a ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo Sunday là ń sọ̀rọ̀. Ní Sunday tó kọjá yìí gan-an, mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀, mo ní kí ẹ sinmi, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún yín nípa ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí mo ní nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kí n tó sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè ìdílé rẹ̀, ìlú rẹ̀, ìwà ìyá rẹ̀. Ẹ ò béèrè ọ̀kan. Ẹ ní, “Ó dára gan-an. Ó máa bá yín mu rẹ́gí.” Omi bọ́ lójú mi. Mo ti sọ fún un pé ìyá mi ti gbà.

Nígbà tí mo ní iṣẹ́ ń tán mi lókun, ẹ ní kí n ní sùúrù, pé tó bá di Sátidé gbogbo rẹ̀ á ti dára. Ẹ ò bá mi wí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí oníbúrẹ́dì sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbà lè máa gbàgbé nǹkan, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kàn sọ fún dókítà pé ẹ ń gbàgbé pé ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Adáhùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, iṣẹ́ ń lọ déédéé. Màá wá Abẹ́rẹ́.

Ọmọ yín tó ń ronú yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo mọ àwọ̀ aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí o kúrò nílé, mo mọ bọ́tìnnì tó já lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Abẹ́rẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò kan ilẹ̀kùn, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kan ti dí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú gèlè tó so kọ́rùn, ó wú bí búrẹ́dì. Mo fò dìde, mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Ó sún sẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ ní kí n dúró di Sátidé. Mo dúró, Màmá.”

Mo ní, “Èmi wo?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òǹrorò. Ó ní onírin ti gba fóònù òun láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó yá fóònù obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ó fi pè mí. Ó ní, “Màmá, èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ yín, ó ti tún bẹ̀rẹ̀.” Ohùn mi sì dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, olówó mi, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ẹ ní sùúrù fún mi di Sátidé. Tó bá di Sátidé, gbogbo rẹ̀ á ti dára.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Adáhùn fún un, mo wá bi í pé, “Ìwọ náà ò fura? Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní ‘ẹ’?”

Ó ní, “Mo rò pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni. Mo rò pé ẹ ń dọ́gbọ́n bá mi sọ̀rọ̀, pé ẹ ti ń ṣètò nǹkan kan fún mi de Sátidé.”

Ọjọ́ Fúráìdè ni onírin ṣẹ́ ẹ lápá.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tò ó, wọ́n sì dì í. Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó wá wo nǹkan kí o má bàa ní orí mi ló dàrú. Mo gba fóònù oníbúrẹ́dì, mo tẹ nọ́ńbà ara mi. Fóònù tèmi wà lórí tábìlì níwájú wa, kò tilẹ̀ dún. Ó kàn tan ìmọ́lẹ̀.

Mo ní, “Ta ni yìí?”

“Èmi ni o, olówó mi. Èmi aránṣọ yín.”

“Níbo lo wà?”

“Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí kẹ̀kẹ́.”

Èmi àti Abẹ́rẹ́ yíjú wo ìdí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àga mi wà níbẹ̀. Tìmùtìmù orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí ènìyàn wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdí tèmi ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ṣùgbọ́n mi ò lè lọ jókòó síbẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni mo ni ohùn tí o fi ń sọ̀rọ̀.”

Kẹ̀kẹ́ ń dún nínú rẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ má bínú, olówó mi. Ẹ ní sùúrù fún mi di Sátidé.”

Mo pa fóònù mi pátá, iná rẹ̀ kú. Mo tún pè é. Ó ṣì dáhùn.

Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ̀ pé a ò jẹ. Èmi ò ní ẹnu ara mi mọ́. Tú mi sílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mi ò dúró de èsì rẹ. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kó wà nínú ìwé nígbà tí mo ṣì rántí rẹ̀ létòlétò, nítorí ìwọ lo ní mò ń gbàgbé.

Onírin wá lọ́jọ́ Sátidé.

Abẹ́rẹ́ wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo máa ń kọ́ àwọn aṣọ tó ti parí sí. Ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ká òwú. Èmi ń gé aṣọ, mo dúró ni, torí mi ò tíì jókòó sórí àga yẹn. Mo gbọ́ ọkọ̀. Mo gbójú sókè, ọkùnrin náà ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò bínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ó kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ na ọwọ́ kanlẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin mọ ohun tí àgbà ń mọ̀. Mo ti wá mú un bí ẹ ṣe ní kí n wá.”

Mo ní, “Kí ni mo ní kí o wá mú?”

“Ìyàwó mi. Mo pè yín lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Mo bi yín bóyá ó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní, ‘Ó wà lọ́dọ̀ mi, olówó mi, kò sí ìyọnu. Ó ti ń ṣetán lọ. Ẹ wá mú un lọ́jọ́ Sátidé.’”

Mo gbọ́ tí òwú já bọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ jáde wá síta. Onírin kọ́ ló wò, èmi ni. Ọmọ mi, mi ò ní gbàgbé ojú yẹn láéláé. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà?”

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa fi sọ ọ́? Ohùn kan náà ni. Ohùn tí ó ní kí ó dúró, ohùn tí ó ní kí ọkọ rẹ̀ wá mú un, òun náà ni mo máa fi ní irọ́ ni. Mo lọ dúró sáàárín òun àti ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà rò pé mo ti yí ọ̀rọ̀ padà ni. Ó fa fóònù yọ. Ó ní, “Ẹ ò lè máa ṣe mí báyìí, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi han yín pé nọ́ńbà yín ni mo pè.” Ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ sí gbangba, ó nà án sójú mi.

Ohùn mi dáhùn. “Ẹ káàárọ̀ o, olówó mi.”

Ó ń wo ẹnu mi. Ẹnu mi dì pa. Fóònù tèmi wà nínú àpótí láti ọjọ́ tí mo ti pa á. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ aṣọ.

Ó rọra sọ fún fóònù pé, “Ta ni yìí?”

Ohùn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mi ni, èyí tí mo máa ń rín bí oníbàárà bá ṣàwàdà. “Èmi ni o. Ṣé ẹ ti dé ni? Mo ti ń retí yín. Ẹ súnmọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ níbí, ẹ dúró gbọnrangandan, kí n lè wọ̀n yín.”

Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú fóònù náà. Ojú onírin lọ sídìí kẹ̀kẹ́, ó rí àga òfìfo, ó tún wo ẹnu mi. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kọlu ilẹ̀kùn, ó yíjú, ó sá. Ọkùnrin gìrìwò tó ń fọwọ́ gbé ọ̀pá irin! Mo gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi eré jáde ládùúgbò.

Fóònù rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti sanra díẹ̀ sí i o, olówó mi.” Mo fi àṣẹ́kù aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dákẹ́. Abẹ́rẹ́ lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ohun tó gbà wá ń bà wá ju ti ẹni tó wá kó wa lọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹrìndínlógún tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí. Mi ò mọ irú ìkíni tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ṣé ọkùnrin yẹn ò tíì wá síbẹ̀?

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní kété tí mo dé ibí ni mo ra láìnì tuntun tí kò wọ́n. Nọ́ńbà mi àtijọ́ ni mo yà sọ́tọ̀ fún Adáhùn. Nígbà tí mo fi tuntun pè, kò mọ̀ mí. Oníbàárà ló kà mí sí, bó ṣe ka Abẹ́rẹ́ sí nígbà tó fi fóònù ẹlòmíràn pè. Bí ẹ bá sì pa fóònù yín, kò kàn án. Kò gbé inú fóònù. Ọ̀nà jíjìn ló wà, fóònù kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán.

Mo ti pa á. Láti ìsinsìnyí lọ, kò ní fi ohùn yín sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí n tó pa á, mo pè é. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Mo ní, “Màmá, báwo ni Abẹ́rẹ́?” Ó ní, “Kò níí pẹ́ parí mọ́, olówó mi.” Ó yẹ kí n gé e níbẹ̀. Mi ò gé e. Mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ yín, nítorí pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó pè mí ní olówó rẹ̀ níbí. Ìgbà tó ní kí n dúró di Sátidé ni mo tó pa á.

Mo ti béèrè àyè níbi iṣẹ́. Mò ń bọ̀ wálé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, o sì ti rí tèmi kejì gbà báyìí, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi pamọ́. A ti fẹjọ́ onírin sun àwọn ọlọ́pàá. Oníbúrẹ́dì ló jẹ́rìí, ó sì sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ, mi ò dá a dúró. Ọkùnrin náà ò tíì padà wá, kò tilẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá mú fóònù rẹ̀. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ń jinná. Wọ́n ní kò ní nà tán.

Ìkọ̀wọ̀n àti ìránnilétí tí o fi sílẹ̀ fún mi ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé ìpè. Wọ́n ń dà mí láàmú bíi ti àtijọ́, mo sì ti ń dá “ọ̀la” fún wọn padà. Àwọn kan ń sọ pé mo ti yí padà, pé mo lọ́yàyà jù báyìí lọ lóṣù tó kọjá. Olùkọ́ yẹn pè mí lọ́sẹ̀ yìí, ó sọ ìṣòro rẹ̀ fún mi, ó ń retí àdúrà. Mo gbà á fún un. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, “Màmá, ṣé ara yín yá báyìí?” Mo mọ̀ pé tèmi ò dùn tó ti ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́: mi ò gbà, mi ò sì kọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ta ni òun? Ọmọ ta ni? Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín? Bí ẹ bá jà, ta ló ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjì? Sọ fún un pé ìyá rẹ ò tíì dáhùn, kó má bínú. Mú un wá kí n rí i. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ má pè mí láti ojú ọ̀nà. Ẹ wọlé wá.

Mo sọ èyí nítorí Abẹ́rẹ́. Ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà míràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é láti yàrá kejì, kì í jẹ́ mi. Mo lè pè é títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Ó gbọ́, mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí màá gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà, á rọra dìde, á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á sì máa wo ẹnu mi.

N kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Mo kàn máa ń na ọwọ́ sí i. Nígbà tó bá wá, tó dì í mú, tó tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ojú rírán wò, ìgbà yẹn ló máa tó jẹ́ mi.

Ìyá rẹ.